Ọnà tí Ó Wà Lẹ́yìn Aago

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ilé ìwé kan ti mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó kì í dúró wo ojú aṣọ nìkan; òdì rẹ̀ ni ó máa ń yí wò. Ojú aṣọ lè tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n òdì kì í purọ́. Níbẹ̀ ni òwú tí wọn kò gé, abẹ́rẹ́ tí ó ṣìnà, àti sùúrù tí ó tán kí iṣẹ́ tó tán, ti máa ń hàn. Irú ìwò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ aago ọwọ́ tí Philippe Dufour, oníṣẹ́ aago ará Switzerland, gbé jáde ní ọdún 2000, tí ó sọ ní Simplicity. Ojú aago náà kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè fi pe ènìyàn: ọwọ́ wákàtí, ọwọ́ ìṣẹ́jú, àti ọwọ́ kékeré kan nísàlẹ̀ tí ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sọ ọjọ́, kò sọ oṣù, kì í dún láti sọ wákàtí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á dojú bolẹ̀, tí wọ́n sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀rọ inú rẹ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ tó láti mú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ aago fúnra wọn dákẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, 1969, tí ilé iṣẹ́ Seiko ti Japan ti gbé aago ọwọ́ Astron jáde, ni aago oníbátìrì tí òkúta quartz ń darí ti borí aago oní-sípíríǹgì nínú sísọ àkókò. Aago quartz olówó pọ́ọ́kú tí ọmọ ilé ìwé ń so mọ́wọ́ kì í sábà ṣìnà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ láàrin oṣù kan. Ṣùgbọ́n aago oní-sípíríǹgì tí àjọ COSC ti Switzerland, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, fún ní ìwé ẹ̀rí ní àyè láti fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 falẹ̀ tàbí kí ó fi 6 yára láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣe pé nítorí àkókò nìkan ni ènìyàn fi ń ra aago, iṣẹ́ Dufour ti di òkú ọjà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò yìn ín kò gbọdọ̀ fi bí ó ti ń sọ àkókò ṣe ẹ̀rí. Ọnà ni kí ó fi gbèjà rẹ̀, kí ó sì fi ọnà dá a lẹ́jọ́.

Àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Vallée de Joux wà lórí òkè Jura, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Switzerland àti ilẹ̀ Faransé, ó sì fi nǹkan bí mítà 1,000 ga ju òkun lọ. Nígbà òtútù, yìnyín a bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, àgbẹ̀ kì í sì í rí oko ro. Láti nǹkan bí ọdún igba àti àádọ́ta sẹ́yìn ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń lo àkókò náà fún iṣẹ́ aago: wọn a jókòó ti fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, wọn a máa fá irin, wọn a máa gé eyín kẹ̀kẹ́, títí ewéko yóò fi tún hù. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Dufour ní 1948, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà ní àfonífojì náà ni ó sì ti jáde ní 1967. Ó bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kí ó tó dá dúró ní 1978.

Kò sí ìgbà tí ó burú ju ìgbà náà lọ láti dá dúró. Àwọn tí ń jẹun nídìí iṣẹ́ aago ní Switzerland tó nǹkan bí 90,000 ní ọdún 1970. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, àwọn tí ó kù kò ju díẹ̀ lé ní 30,000 lọ. Quartz ni ó lé àwọn yòókù lọ sílé. Iṣẹ́ tí Dufour rí ṣe ni títún aago àpò àtijọ́ ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá tí ó ti kú tipẹ́. Bí ó ti ń tú wọn palẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí bí ọwọ́ wọn ti ṣe lọ, bí wọ́n ti ṣe yí etí irin, ibi tí wọ́n ti fi sùúrù sí àti ibi tí wọ́n ti kánjú. Lọ́nà kan, àwọn òkú ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ní 1992 ó fi aago ọwọ́ kan hàn tí ń lu wákàtí àti ìdá mẹ́rin-mẹ́rin wákàtí fúnra rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú aago ọwọ́. Ní 1996 ó ṣe Duality, tí ó ní kẹ̀kẹ́ afì méjì nínú aago kan. Mẹ́sàn-án péré ni ó ṣe jáde. Lẹ́yìn èyí ni ó tó wá ṣe Simplicity. Ó yẹ kí ènìyàn fi ọkàn sí bí àwọn iṣẹ́ náà ti tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tí ó ti ṣe èyí tí ó díjú jù lọ ni ó padà wá ṣe èyí tí kò ní ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí.

Ìmọ̀ díẹ̀ nípa bí aago ti ń ṣiṣẹ́ pọn dandan kí ẹwà rẹ̀ tó lè yé ènìyàn. Sípíríǹgì gígùn kan wà tí wọ́n ká sínú àgbá kékeré. Bí ẹni tí ó ni aago bá ká a le, sípíríǹgì náà a máa wá ọ̀nà láti tú, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀, wéré ni ì bá tú tán. Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín ni ó ń gbé agbára rẹ̀ fún ara wọn láti ọ̀kan sí èkejì, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan tí ó ní apá méjì bí ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi. Ìdákọ̀ró gan-an sì ni orúkọ tí àwọn Faransé sọ ọ́. Apá ìdákọ̀ró yìí ní ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, òun náà ní ń tú u sílẹ̀, eyín kan lẹ́ẹ̀kan. Thomas Mudge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó hùmọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1755. Ẹni tí ń pàṣẹ fún ìdákọ̀ró ni kẹ̀kẹ́ afì, èyí tí ń fì lọ tí ń fì bọ̀ nípa agbára sípíríǹgì mìíràn tí ó tín-ín-rín bí irun orí, irú èyí tí Christiaan Huygens ará Holland fi han ayé ní 1675. Nínú Simplicity, kẹ̀kẹ́ afì ń fì nígbà 18,000 láàrin wákàtí kan, ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìgbà 432,000 láàrin ọ̀sán kan àti òru kan. Ọ̀pọ̀ aago oní-sípíríǹgì òde òní ń fì nígbà 28,800 ní wákàtí kan. Dufour yan ìfì àtijọ́ tí ó falẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ fún aago náà. Ìpinnu ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ ni.

Ibi tí orí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń yí, òkúta rúbì ni wọ́n lu ihò sí, 21 ni rúbì tí ó sì wà nínú ẹ̀rọ yìí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi wọ́n ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pupa bí iyùn ọrùn ọba. Òkúta líle ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Láti 1902 tí Auguste Verneuil ará Faransé ti fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi iná ṣe rúbì hàn ni òkúta náà kò ti wọ́n mọ́, ẹni tí ó bá sì ń ka iye rúbì kí ó lè mọ iyì aago ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà láàrin àwo irin kan nísàlẹ̀ àti àwọn irin pẹlẹbẹ mìíràn lókè, tí àwọn oníṣẹ́ aago ń pè ní afárá, nítorí pé wọ́n nà kọjá lórí kẹ̀kẹ́ bí afárá ti ń nà kọjá lórí odò. Lára àwọn afárá wọ̀nyí ni ọnà wà jù lọ. Oníṣẹ́ tí ó kàn fẹ́ kí aago ṣiṣẹ́ lè gé afárá rẹ̀ bí ó bá ti rí, kí ó lu ihò sí i, kí ó fi síkúrù dè é, aago yóò sì máa lọ. Àgbà oníṣẹ́ kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fá etí afárá náà ní ìdàgẹ̀rẹ́, kí igun mímú tí ó wà láàrin ojú irin àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè di ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó dàgẹ̀rẹ́ yí gbogbo etí irin ká. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìbú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbọ́dọ̀ dán débi pé yóò máa gba ìmọ́lẹ̀ bí omi tí ń ṣàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwúlò ni ó mú un wá: irin tí wọ́n gé a máa ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ létí, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì já bọ́ sáàrin kẹ̀kẹ́, aago a dúró. Ṣùgbọ́n ìwúlò kò béèrè ju kí wọ́n fá ẹ̀gún náà kúrò lọ. Gbogbo èyí tí ó lé lórí rẹ̀, ìfẹ́ ọnà ni.

Ohun tí Dufour fi ń dán etí wọ̀nyí yóò ya ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe gbogbo nǹkan ní Yúróòpù lẹ́nu. Igi ewéko ni. Ewéko kan tí ń jẹ́ jẹntíánì, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin, máa ń hù nínú pápá orí òkè Jura, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ọtí kíkorò. Igi rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣà, tí wọ́n á sá gbẹ, tí wọ́n á sì gbẹ́ ṣóńṣó bí pẹ́ńsù. Inú igi náà rọ̀ díẹ̀, ó sì le díẹ̀, ó lè gba ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì tí wọ́n pò mọ́ òróró mọ́ra láìfi ìlà sára irin. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá. Ewé ìpín ni wọ́n fi ń ha ère àti igbá kí ó tó jọ̀lọ̀, nítorí pé ojú ewé náà le bí iyanrìn. Igbó ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì ti ń já a. Òkè Jura àti igbó ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ara wọn, síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ wọn bọ́ sójú kan náà: ohun tí ó hù nítòsí ilé ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ tí ó fẹ́ sùúrù jù lọ.

Ṣùgbọ́n igun ni ìdánwò iṣẹ́ yìí, pàápàá igun tí ó wọ inú. Bí etí méjì bá pàdé tí igun wọn yọ síta, ó rọrùn díẹ̀ láti dán an, nítorí pé kò sí ohun tí ó dí ọwọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá pàdé tí igun wọn wọlé bí kọ̀rọ̀ yàrá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀rọ tí ń gé irin ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi ọ̀bẹ róbótó ṣiṣẹ́, ohun róbótó kò sì lè wọ kọ̀rọ̀ dé òpin. Bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò fi ìtẹ̀kọdọ kékeré sílẹ̀ níbẹ̀. Fáìlì irin tí ọwọ́ ènìyàn dì mú ni ó lè dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà igi jẹntíánì. Ìdàgẹ̀rẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wá láti apá ọ̀tún àti apá òsì, kí wọ́n pàdé lórí ìlà kan ṣoṣo tí ó mú bí ojú abẹ, kí ọ̀kan má sì fi èérí kan ìdán èkejì. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, igun náà ti bàjẹ́, wọn a sì ní láti fá gbogbo etí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Simplicity, irú igun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Dufour kò yà fún wọn. Ó dà bí ẹni pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá wọn kún iṣẹ́ rẹ̀, bí ewì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro pè tí ó sì bá ohùn mu.

Àwọn irin kéékèèké ní ìdán tiwọn, tí wọ́n ń pè ní ìdán dúdú. Wọ́n a gbé irin náà lé pẹpẹ kan tí ó jẹ́ irin rírọ̀ bí òjé, wọ́n a fi ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì sí i, wọ́n a sì máa fi ìka yí i po díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́ pátápátá. Bí ó bá ti pé, irin náà kì í ní ju àwọ̀ méjì lọ. Bí wọ́n bá gbé e sí ìhà kan, ó funfun bí dígí tí oòrùn kọlù. Bí wọ́n bá yí i díẹ̀, ó dúdú bí omi inú kànga lóru. Kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ eérú láàrin. Bí eérú bá wà, iṣẹ́ kò tíì tán. Ìdánwò yìí dára nítorí pé kò fi àyè sílẹ̀ fún ojúsàájú: ẹni tí kò mọ aago rárá lè ṣe é, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì bá ti ọ̀gá mu.

Lórí ojú afárá ni àwọn ilà gbọọrọ wà, tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Geneva pè, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìlà aṣọ òkè. Ní àwọn ibi tí kò hàn, nísàlẹ̀ àwo, wọn a tẹ àmì róbótó wẹ́wẹ́ tí ó gun orí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ilà Geneva kò ṣòro tó igun inú, púpọ̀ nínú àwọn aago tí kò wọ́n lóde òní ni ó sì ní i. Ẹni tí ó bá fi ilà yìí nìkan dá aago mọ̀ dà bí ẹni tí ó fi agbádá dá ọlọ́rọ̀ mọ̀.

Ìdán nìkan kọ́ ni ó sọ Simplicity di ohun tí ó jẹ́. Bí ètò àwọn afárá rẹ̀ kò bá dára, ìdán náà yóò dà bí òróró tí wọ́n fi pa ara ère tí wọ́n gbẹ́ wọ́wọ̀. Ètò náà kò jẹ́ ti Dufour nìkan. Ó tẹ̀lé bí àwọn àgbà Vallée de Joux ti máa ń to ẹ̀rọ aago àpò wọn, kò sì fi í pamọ́. Àwọn kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì tí ń ká sípíríǹgì hàn lórí afárá láìfi ohunkóhun bò wọ́n. Etí afárá yí lọ gbọọrọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ rúbì kọjá, ó ṣẹ́ kọ́ńdọ́ sí igun kan, ó tún yí padà sí ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ afì. Àyè ṣófo wà láàrin wọn, àyè náà sì níṣẹ́ tí ó ń ṣe: níbẹ̀ ni ojú ti ń sinmi, níbẹ̀ náà ni ìfì kẹ̀kẹ́ ti ń hàn. Ẹ̀rọ náà kún inú ilé rẹ̀ dáadáa, kò dà bí ọmọdé tí ó wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀, àbùkù tí ó pọ̀ lára àwọn aago olówó ńlá òde òní tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sínú ilé fẹ̀ǹfẹ̀. Mìlímítà 34 tàbí 37 ni fífẹ̀ ilé aago yìí, kò sì sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà bá èyí tí ó kéré mu jù.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó yàtọ̀ sí ti Dufour, kò sì dára kí ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí. Ní ìlú Glashütte ní ìlà-oòrùn Jámánì, ilé iṣẹ́ A. Lange & Söhne ti wà láti 1845. Ìjọba gbà á ní 1948, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́ títí Walter Lange fi jí i dìde ní 1990. Afárá ńlá kan tí ó bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀rọ ni àmì wọn. Wọ́n a fi òrùka wúrà yí rúbì ká, wọ́n a fi síkúrù tí iná sọ di aró dè é, wọ́n a sì fi ọwọ́ fín òdòdó sára afárá kékeré tí ó di kẹ̀kẹ́ afì mú, débi pé wọ́n lè mọ ọwọ́ ẹni tí ó fín in. Wọ́n ń to ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí wọ́n bá ti tò ó tí ó ṣiṣẹ́, wọ́n a tú u, wọ́n a dán àwọn ẹ̀yà rẹ̀ parí, wọ́n a sì tún un tò. Iṣẹ́ gidi ni. Dufour pàápàá ra Datograph tí wọ́n gbé jáde ní 1999, ó sì yìn ín ní gbangba. Síbẹ̀, fún ojú tí ó ti mọ́ Simplicity lára, wúrà, aró àti òdòdó wọ̀nyí pọ̀ díẹ̀; wọ́n dà bí ìyàwó tí ó wọ gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ sí òde kan ṣoṣo. Èyí kì í ṣe àbùkù iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó wu olúkúlùkù ni. Ibi tí Lange ti gba ìyìn jù lọ ni pé wọ́n ń dán ẹ̀yà tí olówó kò ní rí láéláé, àfi oníṣẹ́ tí yóò tún aago náà ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀rọ̀ rírí yìí gba àròjinlẹ̀. Nígbà àtijọ́, ìdérí irin ni ó bo ẹ̀yìn aago. Ẹni tí ó ni ín kì í sábà rí inú rẹ̀. Atúnagoṣe ni ó ń rí i, ẹni tí ó ṣe é sì mọ̀ pé ojú ẹlẹgbẹ́ òun ni yóò yẹ iṣẹ́ òun wò. Lóde òní, dígí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ aago olówó, ti Simplicity náà sì rí bẹ́ẹ̀. Dígí yìí ṣe rere, nítorí pé ó kọ́ àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ láti wò. Ó sì ṣe búburú. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti di ojú kejì ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń dán apá tí dígí fi hàn, tí wọ́n sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé ìdàgẹ̀rẹ́, wọ́n ń fi ìyípo yẹ gbogbo igun inú sílẹ̀ láti inú àwòrán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìrònú ìgbìmọ̀ Geneva tí ó ṣe òfin èdìdì ìlú náà ní 1886 dára nígbà náà, pé kí àmì kan wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wọn tí ó sì kún ojú òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n èdìdì kò lè wò fún ẹni tí kò fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wò. Olùrà tí ó mọ igun inú kò nílò èdìdì, èyí tí kò mọ̀ ọ́n kò sì ní yàtọ̀ sí ẹni tí ó ra aṣọ nítorí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Owó ni àbùkù tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn Simplicity, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe é pátápátá. Ọgọ́rùn-ún ni Dufour kọ́kọ́ pinnu láti ṣe. Àwọn ará Japan ni ó kọ́kọ́ mọyì rẹ̀ jù lọ, wọ́n sì rà á ju ẹlòmíràn lọ, ó sì wá ṣe ju igba lọ. Ní 2020 ó tún ṣe 20 sí i fún ìrántí ogún ọdún, wọ́n sì ta ọ̀kan nínú wọn ní gbàǹjo ní Geneva ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 1 owó Switzerland. Ní irú iye bẹ́ẹ̀, aago náà kò lè dé ọwọ́ olùkọ́, oníṣẹ́, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ aago tí ì bá rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Inú àpótí báńkì ni púpọ̀ nínú wọn yóò máa sùn, kẹ̀kẹ́ afì wọn yóò dúró jẹ́ẹ́, òróró inú wọn yóò sì máa gbẹ. Iṣẹ́ tí ọkùnrin kan ṣe nítorí ìfẹ́ ìrọ̀rùn ti di ohun tí àwọn tí kò fẹ́ràn aago fi ń pa owó mọ́.

Ohun tí kò ṣe é fi sí báńkì ni ọgbọ́n ọwọ́, ibẹ̀ ni ewu gidi sì wà. Dufour kò kó òṣìṣẹ́ jọ bí ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé ìwé àtijọ́ kan ní abúlé Le Solliat ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan. Bí wọ́n ṣe ń di igi jẹntíánì mú, bí ìka ti ń mọ̀ pé irin ti fẹ́ tẹ́, ohùn tí fáìlì ń dún nígbà tí ó bá ń jẹ irin ju bí ó ti yẹ lọ, wọn kò ṣe é kọ sílẹ̀. Ó dára pé òun fúnra rẹ̀ kò fi wọ́n pamọ́. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ Seiko ní Shiojiri, ní Japan, wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀nà jẹntíánì hàn wọ́n, ó sì hàn lára aago Eichi tí wọ́n gbé jáde ní 2008 pé wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ìlú tí aago quartz rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ Vallée de Joux wá kọ́ bí wọ́n ti ń fi ewéko àfonífojì náà dán irin. Kò sí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ì bá ronú èyí kí wọ́n má pè é ní àsọdùn. Ní 2020 kan náà, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ aago oní-sípíríǹgì ti Switzerland àti ilẹ̀ Faransé mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ọmọ ènìyàn. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kíkọ orúkọ sínú ìwé kì í kọ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ìgbìyànjú wọn ni ti Michel Boulanger. Olùkọ́ iṣẹ́ aago ni ní Paris. Dufour, pẹ̀lú Robert Greubel àti Stephen Forsey, yàn án láti kọ́ ọ bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe aago kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìlo àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí: kí ó fúnra rẹ̀ gé kẹ̀kẹ́, kí ó fá síkúrù, kí ó dán igun. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n wá, bí kò ṣe olùkọ́, nítorí pé àdéhùn náà ni pé ohun tí ó bá kọ́, yóò fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ta aago àkọ́kọ́ tí ó ti inú ẹ̀kọ́ náà jáde ní gbàǹjo ní Hong Kong ní 2016, owó tí ó wọlé lé ní mílíọ̀nù 1 dọ́là, wọ́n sì ti là á kalẹ̀ ṣáájú pé iṣẹ́ kíkọ́ni náà ni wọn yóò fi gbé lárugẹ. Àwọn tí ó rí aago Boulanger ní ìdán rẹ̀ kò tíì tó ti Simplicity ní gbogbo ibi. Àwọn igun inú rẹ̀ mú.